Ta Ló Lu Ayé Já?

Iṣẹ́ orí ẹ̀rọ kan tí mo ń ṣe ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ òyìnbó kan máa ń fi gbólóhùn Yorùbá ránṣẹ́ sí mi, àádọ́ta lónìí, ọgọ́rùn-ún lọ́la, gbogbo rẹ̀ ní ìhòòhò, láìní àmì ohùn kankan. Tèmi ni kí n wọ̀ ọ́ láṣọ, kí n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sábẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí n dá a padà, kí wọ́n lè fi kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá wọn bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹdẹ ni mo jókòó sí tí mo ń ṣe é, nínú yàrá kan tí ariwo Ọjà Tìmì ń wọ̀ lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, gbólóhùn kékeré kan wọlé: O lu igi naa. Ọwọ́ mi dúró.

Ṣé ó na igi náà ni, àbí ó dá ihò sí i lára?

Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ni lẹ́tà méjì inú lu yẹn ń gbé, ohùn ló sì yà wọ́n. Lù, ohùn ìsàlẹ̀, ni kí a na nǹkan: a lù ú, ó dún. Lu, ohùn àárín, ni kí ihò wà lára nǹkan: etí ọmọ jòjòló tí a lu kí ó lè gba yẹtí. Lú, ohùn òkè, ni kí a da nǹkan pọ̀ mọ́ ara wọn. Inú rẹ̀ ni àdàlú ti jáde, ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan. Àwọn kan tilẹ̀ ní ibẹ̀ ni ìlú ti wá, nítorí pé ibi tí oríṣiríṣi èèyàn ti dà pọ̀ ni. N kò fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bára wọn jọ létí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ní dandan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, à bá ti sọ pé alágbẹ̀dẹ ló tẹ Ẹdẹ dó.

Ìṣòro tó wà nínú gbólóhùn mi ni pé bí lù bá ti bá ọ̀rọ̀ orúkọ pàdé lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gòkè sí àárín. A kì í wí pé "wọ́n lù ìlù". "Wọ́n lu ìlù" là ń wí. Lù tó ń na nǹkan àti lu tó ń dá ihò á wá wọ aṣọ kan náà. Àfi bí ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ bá tẹ̀ lé e ni àṣírí ń tú: lù ú, lu ú. Ẹ pe méjèèjì jáde lẹ́nu, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ibi tí mo ti ń ro èyí ni ojú mi ti lọ sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ń lò lójoojúmọ́ láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì: ayélujára. Odidi gbólóhùn ni, tí a ká pọ̀ di orúkọ: ayé lu já ara. Kò sí ọ̀rọ̀ orúkọ lẹ́yìn lu níbẹ̀ tí yóò gbé ohùn rẹ̀ sókè. Já ló tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ lù ni, ayélùjára ni à bá máa wí. Ohùn àárín tí à ń gbọ́ yẹn, tirẹ̀ gan-an ni, kò yá a lò. Ayé ti lu, ihò rẹ̀ sì já síra.

Òyìnbó pe tirẹ̀ ní àwọ̀n, iṣẹ́ àwọ̀n sì ni kí ó mú ẹja. (Lóòótọ́, kí ni àwọ̀n bí kò ṣe ihò tí a fi okùn so pọ̀?) Tiwa ya síbòmíràn. Ẹni tó bá mọ agboolé àtijọ́ mọ ohun tí lu já ara jẹ́: o gba ojúlé ìdílé kan wọlé, o kí wọn, o bọ́ sí àgbàlá kejì, o kí àwọn yẹn náà, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn lo já sí. Kò sí ìkòkò ọbẹ̀ tó fara pamọ́ níbẹ̀. Bákan náà, kò sí ihò tó lu já tí kì í ní ẹnu méjì. Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ náà gbé sílẹ̀, tí kò sì dáhùn, ni pé ta ló ń gba ẹnu wo wọlé.

Àwọn tó ń sọ ẹ̀rọ lórúkọ nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni wọ́n fi ń pè é. Kọ̀ǹpútà di ayárabíàṣá. Tẹlifíṣọ̀n, tó dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, di amóhùnmáwòrán. Rédíò ló gba orúkọ tó wù mí jù: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ gbọ́ ẹ̀sùn tó wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ti jókòó tì í rí, ó ti dá a lóhùn, kò sì rí ẹni gbọ́ tirẹ̀.

Ní Ẹdẹ, ẹ̀sùn yẹn yé èèyàn dáadáa. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tó jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975, onílù ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń mú kọ̀ǹgọ́, ó sì kọ àlàyé nípa ìlù Yorùbá jáde ní àwọn ọdún 1950, kí àwọn tí kò gbọ́ dùndún lè mọ ohun tó ń wí. Dùndún kì í sọ̀rọ̀ kó má gbèsì. Ìyáàlù pe oríkì rẹ, o jó, o lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí, onílù tún un pè.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ro ìlù àti fóònù pọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jù nù. Ìlù kò lè pe l, kò lè pe b. Ó sọ lẹ́tà nù, ó mú ohùn. Fóònù mú lẹ́tà, ó sọ ohùn nù. Kì í sì í ṣe pé kò sí bọ́tìnì tí a lè tẹ̀: Túndé Adégbọlá àti ilé iṣẹ́ Alt-I ní Ìbàdàn ti ṣe kíbọọ̀dù Yorùbá tipẹ́tipẹ́, Google sì ti ń túmọ̀ Yorùbá láti oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ìkánjú ni. Ta ni yóò máa wá àmì nígbà tí oníbàárà ń dúró de iye owó ọjà lórí WhatsApp? Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń da Yorùbá oníhòòhò sórí ayélujára, tí ẹlòmíràn fi wá ń sanwó fún mi kí n máa wọ̀ ọ́ láṣọ. Nínú ohun tí a jù nù ni owó oṣù mi ti ń wá.

Bàbá onílé mi kò gba iṣẹ́ náà gbọ́. Wọ́n rí i pé n kì í jáde láàárọ̀, pé iná láptọ́ọ̀pù ń tàn nínú yàrá mi lóru, wọ́n wá pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ń ṣe jẹun gan-an?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, àmì ni mo ń fi sórí ọ̀rọ̀, sà."

Wọ́n wò mí títí. "Àmì," wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ.

N kò bá wọn wí. Lù ní ìlò kan tí ohùn rẹ̀ náà ti gòkè nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e: lu jìbìtì. Àwọn ọmọ Yahoo ti gba inú ihò ayé kọjá, wọ́n ti lu ọ̀pọ̀ èèyàn ní jìbìtì débi pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá gbé láptọ́ọ̀pù dání ti di afurasí lójú àgbà, ó di afurasí lójú ọlọ́pàá. Ká ní alágbẹ̀dẹ ni mo pe ara mi, bàbá ì bá ti bi mí ní iye tí mo ń ta ọkọ́.

Ẹnu ihò kan nìyẹn. Ẹnu kejì wà nínú ọgbà Redeemer's University, ní Ẹdẹ kan náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tó wọ Nàìjíríà ní àrùn Kòrónà, ẹni àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò wá sí ibùdó ìwádìí ACEGID, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí. Láàárín wákàtí 48, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti ka àkọsílẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́tà tó tó 30,000, wọ́n sì gbé e sórí ayélujára kí àwọn onímọ̀ níbi gbogbo lè kà á. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe é lórí àrùn náà ní Áfíríkà kí wọ́n tó ṣe é. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá yí padà níbi tó ṣe kókó, àrùn lè yí ìwà padà. Onílù kò ní í bá wọn jiyàn. Àwa tí asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwa la sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó ku já. Ẹlẹ́nu méjì ni òun náà. Ọ̀nà já sí Òṣogbo, ìyẹn ni pé ó dé ibẹ̀. Okùn já, ìyẹn ni pé kò dé ibì kankan mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé ayélujára wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já nítòsí Abidjan, MainOne wà nínú wọn. Áàpù báǹkì dákẹ́, àwọn oní-POS ń bẹ oníbàárà. Ọgọ́rùn-ún gbólóhùn wà nílẹ̀ tí n kò rí fi ránṣẹ́. Ìlú tí Tìmì Ọlọ́fà-iná tẹ̀ dó kò lè ṣàì mọ òwe tafàtafà: ọsán já, ọrun dọ̀pá. Láptọ́ọ̀pù mi di pákó lọ́jọ́ náà, mo gbé e síbi kan, mo lọ sọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí igi mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí gbólóhùn yẹn, mo rò pé dandan ni kí n mú ọ̀kan, nínà tàbí ihò. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe dùndún. Wọ́n á gé igi ọ̀mọ̀, wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀ láti òkè, wọ́n á gbẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀, títí yóò fi lu já, kí wọ́n tó bo ẹnu méjèèjì láwọ, kí wọ́n tó fi ọsán fà á. Igi tí kò bá lu, ẹ lù ú títí, kò ní í sọ̀rọ̀.

Mo kọ ìtumọ̀ méjèèjì sábẹ́ gbólóhùn náà. Mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo fi sórí ti ìkẹyìn: Ó lu igi náà. Lu àti igi kò gba nǹkan kan, nítorí ohùn àárín kì í ní àmì. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì dé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjì wà láàárín tí n kò ṣiṣẹ́ lé lórí, kí n parí rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Mo dá wọn lóhùn pé mo ti parí rẹ̀.