Èdè Ẹni Tó Fẹ́ Ra Máṣíìnì Àlòkù

Ẹni tó bá túmọ̀ orúkọ alùpùpù tí wọ́n ń gùn lórí erùpẹ̀ sí "alùpùpù ìdọ̀tí" kò tíì bá àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ gba ọ̀nà Ìkòyí-Ilé lọ sóko rí. Erùpẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí lójú àgbẹ̀. "Máṣíìnì oko" ni èmi yóò pè é: abẹ́ rẹ̀ jìnnà sílẹ̀, táyà rẹ̀ ní eyín tó ń di ilẹ̀ mú, púpọ̀ nínú irú rẹ̀ kò sì ní iná rárá. Èyí tí kò ní lágbára ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní máṣíìnì ìfikọ́gùn.

Ní ti ọjà, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Tòkunbọ̀ ni èyí tí wọ́n lò lókè òkun kó tó dé. Àlòkù ni èyí tí a lò níbí. Owó wọn kì í dọ́gba, kí òǹkọ̀wé má dà wọ́n pọ̀. Ọ̀kadà ńkọ́? Lára Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni wọ́n ti yá orúkọ yẹn. Èyí tó ń gbé èrò ni kó máa jẹ́ ẹ.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni èdè yìí ti dùn jù. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ wo máṣíìnì. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti lọ́ wọ́rọ́, ẹni tó ń tà á ti tan án ṣáájú, ó lè jẹ́ pé kì í tètè tan bó bá tutù. Ẹ wá wo èéfín. Bó bá ń rú búlúù, mẹkáníìkì á ní, "Ó ń jẹ ọ́ìlì." Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ti sọ àrùn náà tán: lọ́pọ̀ ìgbà, ríìngì písítìn ti gbó nìyẹn. Lórí Honda CG125, ẹjọ́ yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n Suzuki AX100, tí epo àti ọ́ìlì jọ ń jóná nínú rẹ̀, á rú èéfín díẹ̀ bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko. Bí a bá pe irú rẹ̀ ní "ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀ méjì", kí ni ẹni tó fẹ́ rà á rí gbọ́ níbẹ̀? Mo dábàá "ẹ́ńjìnnì ajóọ́ìlì". Ó ń jó o ni, kò jẹ ẹ́.

Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ tẹ orí máṣíìnì náà mọ́lẹ̀ léraléra. Bí ọ́ìlì bá yọ lára irin méjèèjì tó gbé táyà iwájú, síìlì wọn ti gbó, ó ń jò nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá máa kọ ìwé lórí iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fi àmì ohùn ṣeré. Ẹ́ńjìnnì bíi ti AX100 tó ń jó ọ́ìlì kò nílò àtúnṣe nítorí ìyẹn. Èyí tó ń jò ọ́ìlì, ẹ yọ owó síìlì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n bá pè kí ẹ tó ná an.