Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Èkó: Ta Ni Ó Ni Wọ́n?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá gba Ojúẹlẹ́gba lọ sí Mushin ní ọjọ́ Sátidé yóò rí àwọn ọ̀dọ́ wa nínú aṣọ Arsenal, Chelsea àti Manchester United. Wọ́n mọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ Ìlú Ọba bí ẹni mọ owó. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á bi ara wa léèrè: Èkó tí ó jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà láti 1914 títí di 1991, níbo ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí àwọn bàbá wa ń pariwo fún wọlẹ̀ sí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé owó ni kò sí, tàbí pé tẹlifíṣọ̀n ni ó kó àwọn òǹwòran lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bí a bá tú ìtàn náà dé ìdí, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ilé iṣẹ́

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ní Èkó. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú irin láti Iddo, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ilé iṣẹ́ rélùwéè fìdí múlẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ó sì kó òṣìṣẹ́ jọ láti ibi gbogbo. Láàrin àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Railway ti dìde.

Ní 1945, ọdún kan náà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà ní iwájú nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá tí Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú rẹ̀, ni ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Gómìnà bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Marine ti Èkó ni ó kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́yìn náà ni Railway wá sọ ife náà di tirẹ̀: ó gbà á ní 1946, 1948, 1949, 1951, 1956, 1957 àti 1964. Ẹgbẹ́ ECN, ti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, náà gbà á ní 1960, 1965 àti 1970.

Tesilimi Balógun, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Thunder, wà lára àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Railway. Ó bá àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba ní 1949, nígbà tí púpọ̀ nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1955 ó padà lọ síbẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ Peterborough United, lẹ́yìn náà Queens Park Rangers. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Yábàá, ọ̀nà mìíràn là. Nnamdi Azikiwe dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá tirẹ̀, ZAC, sílẹ̀ ní 1938. Ní 1941 àti 1942 ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ rìn káàkiri Nàìjíríà. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán, ọ̀rọ̀ òmìnira ni yóò kàn. Bọ́ọ̀lù di àgbà ohùn fún ẹni tí àwọn òyìnbó kò fẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde.

Àwọn Ọmọ Adébájọ

Èyí tí ó wọ àwọn ará Mushin àti Sùúrùlérè lọ́kàn jù lọ ni Stationery Stores. Israel Adébájọ, oníṣòwò tí ń ta ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1958. Abájọ tí àwọn ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Adebajo Babes. Ní 1967 àti 1968 wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ léraléra. Sunny Adé, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ nígbà náà, gbé àwo orin “Challenge Cup” jáde láti fi yìn wọ́n, orin náà sì tàn káàkiri.

Adébájọ kú ní 1969, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò tí ì kú. Haruna Ilerika, ọ̀gá nínú fífi bọ́ọ̀lù tan ènìyàn jẹ, àti aṣọ́lé Peter Rufai, ti inú rẹ̀ jáde. Ní 1981 wọ́n dé àṣekágbá ìdíje Cup Winners' Cup ti Áfíríkà, Union Douala ti Kamẹrúùnù sì borí wọn. Wọ́n tún gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ wa ní 1982 àti 1990. Ní 1992, lẹ́yìn tí olú-ìlú ti kó lọ sí Àbújá, wọ́n gba líìgì.

Lẹ́yìn ayọ̀ yẹn ni ìjà lórí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ gbé wọn dé ilé ẹjọ́. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì fi kúrò nínú líìgì. Wọ́n gbìyànjú láti jí i dìde lẹ́yìn náà, àmọ́ ògo àtijọ́ kò padà.

Ìbéèrè tí ó kù

Ẹ jẹ́ kí á wo Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ WNDC gba ife-ẹ̀yẹ ní 1971. Nígbà tí ó fi gba ife Áfíríkà ní 1976, IICC ni orúkọ rẹ̀; lónìí, 3SC ni à ń pè é. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn kò ṣíwọ́ láti pè é ní tiwọn. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ECN di NEPA ní 1972, orúkọ ECN bá a lọ. Julius Berger tí ó gba líìgì ní 1991 àti 2000 kò sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ Tesilimi Balógun wà lára pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí ní Sùúrùlérè ní 2007. Ẹgbẹ́ Railway kò sí nínú líìgì àgbà.

Kì í ṣe àìní ìfẹ́ ni ó pa wọ́n. Àwọn ará Èkó ni ó ni ìfẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ tàbí ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni ẹgbẹ́. Bí olówó bá kú, tàbí bí ilé iṣẹ́ bá yí padà, òǹwòran kò ní àṣẹ kankan. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ tuntun bí Sporting Lagos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2022, ti dìde. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níwájú wọn ni pé kí wọ́n wá bí ará ìlú yóò ṣe di onílé, tí wọn kò ní jẹ́ àlejò lásán nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn bàbá àgbà wọn. Kí wọ́n béèrè ẹni tí ó wà ní pápá ní 1967, ẹ̀yìn ẹgbẹ́ wo ni ó wà, àti orin tí wọ́n kọ bọ̀ wá sílé. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ lè dá ẹjọ́ lórí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè gba ìrántí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.