Ìwọ̀n Omi Ara Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ lónìí ni bí àwọn oníṣègùn ṣe kọ́ láti mọ iye omi tí ó kù lára ẹni tí àìsàn líle kọlù lójijì. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn yẹ òwe náà wò.

Ní 1831, àrùn onígbáméjì wọ ìlú Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń fà dànù lára aláìsàn nígbà náà. Ọ̀dọ́ oníṣègùn kan, W. B. O'Shaughnessy, yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì rí i pé omi àti iyọ̀ ti dínkù púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1832, Thomas Latta, ní ìlú Leith ní Scotland, rọ omi oníyọ̀ sínú iṣan arúgbó obìnrin kan tí ó ti ń kú lọ. Kò ní òṣùwọ̀n kan ju ojú àti ọwọ́ rẹ̀ lọ: ó ń wo ẹyinjú tí ó ti jìn wọnú, ó ń tọ́ iṣan ọrùn-ọwọ́ tí kò lù mọ́. Nígbà tí omi náà lé ní lítà 3, iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ara sì móoru. Latta rò pé ewu ti kọjá, ó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tún bẹ̀rẹ̀, a kò sì rọ omi mìíràn sí i. Kò pé wákàtí 6 tí ìyá náà fi kú.

Ìtàn yìí fi hàn pé wíwò ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Títí di òní, oníṣègùn ṣì ń fa awọ ikùn ọmọ tí ó ń ṣu gbuuru sókè láti mọ̀ bóyá yóò tètè padà sípò. Ó ń wo ẹyinjú rẹ̀, ó ń béèrè ìgbà tí ó tọ̀ kẹ́yìn, ó sì ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn ní Áfíríkà. Ní 2011, àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọdé tí ó lé ní 3,000 ní Kenya, Uganda àti Tanzania. Kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru ni ó ṣe wọ́n. Ibà líle ni, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ṣàn káàkiri ara dáadáa. Nínú 100 tí a yára rọ omi púpọ̀ sí lára, bíi 10 tàbí 11 ni ó kú láàárín wákàtí 48. Nínú 100 tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún, bíi 7 ni. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tútù nìkan kò túmọ̀ sí pé omi ni ara ń béèrè.

Omi kò lọ́tàá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara aláìsàn ní ìwọ̀n. Ẹni tí yóò bu omi fún un gbọ́dọ̀ wò ó kí ó tó bù, kí ó máa wò ó bí ó ti ń bù, kí ó sì tún padà wò ó.