Ìwé Tí Yóò Pẹ́ Ju Ẹ̀rọ Lọ

Ẹ̀yin òbí wa ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi kọ̀ǹpútà kọ ìtàn ìdílé, oríkì orílẹ̀ àti ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti bi ara rẹ̀ léèrè pé: irú fáìlì wo ni mo kọ iṣẹ́ yìí sí, ta ni yóò sì lè ṣí i ní ogún ọdún sí i? Àwọn kan wà tí ìbéèrè yìí ti ń dà láàmú fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn ni àwọn tí ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún ètò kọ̀ǹpútà, ìwé tí ń kọ́ni bí a ti ń lo ètò náà. Ó yẹ kí a gbọ́ ìtàn wọn, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ní ọdún 1970, àwọn onímọ̀ kan ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, ń wá ẹ̀rọ tuntun fún ètò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Unix. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀gá wọn ni pé àwọn yóò fi ẹ̀rọ náà ṣe ètò fún títẹ ìwé. Wọ́n rí i gbà, wọ́n sì mú ìlérí ṣẹ: ní 1971, àwọn atẹ̀wé tí ń múra ìwé ẹ̀tọ́ lórí àwọn ohun tí ilé-iṣẹ́ náà hùmọ̀ ti ń fi í ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún náà ni ọjọ́ tí a kọ sára ìwé ìtọ́nisọ́nà Unix àkọ́kọ́, èyí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie kọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rọrùn. Ọ̀rọ̀ lásán ni akọ̀wé ń tẹ̀. Bí ó bá fẹ́ pàṣẹ fún ẹ̀rọ, yóò fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ ìlà, yóò sì tẹ lẹ́tà bí méjì tẹ̀lé e: «.sp» ń fi àlàfo sílẹ̀, «.br» ń gé ìlà. Joe Ossanna ló kọ troff, ètò tí ń ka àwọn àṣẹ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni ó kọ ọ́ fún. Ossanna kú ní ọdún 1977. Brian Kernighan gba iṣẹ́ náà, ó sì tún ètò náà ṣe kí ó lè bá oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹ̀rọ yí padà, ẹni tó kọ ètò lọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé kò bá wọn lọ. Títí di òní, ojú ìwé ìtọ́nisọ́nà Unix ṣì ń jẹ́ kíkọ lọ́nà yìí.

Ọgbọ́n kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ IBM: Goldfarb, Mosher àti Lorie. Láti ọdún 1969 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìlànà kan tí wọ́n pè ní GML, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èrò wọn ni pé kí akọ̀wé má ṣe sọ fún ẹ̀rọ pé, «Tẹ ọ̀rọ̀ yìí gàdàgbà», kí ó sọ pé, «Àkọlé nìyí.» Bí ẹ̀rọ bá ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́, ìrísí rẹ̀ lè yí padà nígbàkúùgbà. Láti inú èyí ni SGML ti jáde, tí àjọ àgbáyé ISO fọwọ́ sí ní 1986. DocBook, tí a dá sílẹ̀ ní 1991 fún ìwé ìtọ́nisọ́nà kọ̀ǹpútà, gbára lé e. Richard Stallman náà ṣe Texinfo, kí àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo lè di ìwé títẹ̀, kí ó sì tún ṣe é kà lójú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ló gba ọ̀nà yìí. Nígbà tí Microsoft gbé Windows 3.0 jáde ní 1990, ó ní irú fáìlì ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀, WinHelp, tí ètò pàtàkì kan nìkan lè ṣí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ló kọ ìwé wọn sí i. Nígbà tí Windows Vista dé ọ̀dọ̀ aráàlú ní 2007, ètò tí ń ṣí i kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé rẹ̀ ní láti lọ wá a lọ́tọ̀. Aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò fún ni lápá, a dùn ni lọ́rùn.

Ẹ̀yin òbí, irú ìyà yìí ti jẹ àwa náà, nítorí lẹ́tà èdè wa. Àkójọ lẹ́tà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ASCII, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, kò ní ju àyè 128 lọ. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ ti àmì ohùn. Nítorí náà, ní àwọn ọdún 1990, àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá máa ń lo lẹ́tà àkànṣe, tí wọ́n fi ẹ rọ́pò àmì mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní lẹ́tà náà, ìwé dára. Lórí èyí tí kò ní in, ó di wúruwùru. Unicode ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ní 1993, àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì nísàlẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ, ní àyè tiwọn nínú rẹ̀, a sì lè gbé àmì ohùn lé wọn lórí bí àmì ọ̀tọ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí ó pẹ́ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, pẹ̀lú lẹ́tà Unicode. Bí ẹ bá fẹ́ àkọlé nínú rẹ̀, Markdown, tí John Gruber gbé jáde ní 2004, tó: àmì # níwájú ìlà ti sọ ọ́ di àkọlé, ẹni tí kò sì ní ètò kankan yóò ṣì rí ọ̀rọ̀ náà kà. PDF, tí Adobe gbé jáde ní 1993, dára fún ẹ̀dà tí a fẹ́ tẹ̀, nítorí ó ń pa ìrísí mọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe, nítorí náà kí ó má jẹ́ òun nìkan ni ẹ ní. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà pẹ̀lú.

Bí díísìkì àtijọ́ bá sì wà nínú àpótí yín, ẹ gbé e jáde ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láàyè láti sọ ohun tí lẹ́tà tó bàjẹ́ jẹ́. Ẹ̀rọ yóò gbó, ilé-iṣẹ́ yóò kógbá wọlé. Kí ohùn àwọn baba wa má bàá wọn lọ.