Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì àti Ìtàn Ìlú Méjì: Ìfọ́n àti Ìlobùú

Ìfọ́n àti Ìlobùú, nítòsí Òṣogbo, sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí àlejò kì í fi í tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ìfọ́n ni ilé Òrìṣà Olúfọ́n, tí àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ṣì ń bọ lábẹ́ orúkọ Oxalufã. Ìlobùú ní tirẹ̀ ni ìlú Erinlẹ̀, ọdẹ tí ó di odò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ mọ ìtàn ìlú méjèèjì yìí dájú, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wo ni yóò wọ̀? Láti 1948 ni àwọn yunifásítì wa ti ń dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn wọn kò sì dúró sí ojú kan.

Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí ó ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yábàá wá, ẹ̀ka ńlá mẹ́ta ni ó ní: ti ìmọ̀ èdè àti ìtàn, ti sáyẹ́ǹsì, àti ti ìṣègùn. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń fún wọn ní oyè. A ń kọ́ èdè Látìn àti Gíríkì níbẹ̀. Yorùbá kò sí lára ohun tí a lè fi gba oyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé ni yunifásítì gbà wọ Ìlobùú. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó dé Ìbàdàn ní 1950, bọ́ sí ẹ̀ka tí ń kọ́ àwọn àgbà lẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbèríko. Ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú, kí ó tó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Ní 1957 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí àwọn ère igi òrìṣà tí ó rí ní Ìlobùú. Ohun tí kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ Ìbàdàn ni ìlú kékeré yìí fi kọ́ olùkọ́.

Ní àkókò kan náà ni Sàbúrì Bíòbákú ń ṣe ọ̀nà mìíràn. Òun àti Beier wà lára àwọn olóòtú ìwé àtìgbàdégbà *Odù* tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ní 1956 ó di olórí ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá. Nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1973, onímọ̀ Ifá, onímọ̀ oríkì, onímọ̀ èdè, ẹni tí ń wú ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ àti ẹni tí ń wo bí a ti ń kọ́lé, gbogbo wọn ni ó pè jókòó láti jẹ́rìí sí ìtàn kan ṣoṣo.

Ìgbìmọ̀ Eric Ashby jábọ̀ ní 1960, àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962 pẹ̀lú ẹ̀ka ńlá márùn-ún, tí òfin, ètò ọrọ̀-ajé àti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lára wọn. Ní 1966 ni ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá àti ìwé gírámà Ayọ̀ Bámgbóṣé jáde. Láti ìgbà náà ni Yorùbá ti di ohun tí ọ̀mọ̀wé lè fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun kan náà ń pín sí wẹ́wẹ́. Oríkì Olúfọ́n bọ́ sọ́wọ́ onímọ̀ lítíréṣọ̀. Ère bọ́ sọ́wọ́ onímọ̀ iṣẹ́ ọnà. Ewé ọdún bọ́ sọ́wọ́ onímọ̀ ewéko. Ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ amòfin àti awọnlẹ̀. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní 2006, ìlú pàápàá ni a fi pín wọn: òfin wà ní Ifẹ̀tẹ̀dó, iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ẹ̀jìgbò, ìmọ̀ èdè àti àṣà wà ní Ìkirè. Àwòrò òrìṣà kò mọ irú ìpín bẹ́ẹ̀; ẹni tí ó mọ oríkì ni ó mọ ewé. Àǹfààní wà nínú ìpín náà, nítorí àwòrò kì í gbé ìtàn ìlú rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìlú kejì. Ewu rẹ̀ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú ẹyọ kan, kí ó sì rò pé òun mú odidi.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ní 2025, ìjà ilẹ̀ láàrin Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹrin-Ọ̀ṣun le débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé sì jóná. Ìtàn nìkan kò lè parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ìlú tí í pa ìtàn tí yóò dá a lẹ́bi. Òfin nìkan kò tó, nítorí ohun tí a bá gbé síwájú adájọ́ ni ó ń wọ̀n. Awọnlẹ̀ lè fi ibi tí ààlà gbà hàn. Kò lè sọ bí ó ti ṣe dé ibẹ̀.

Ìlobùú ni olú ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń pè ní Ìrẹ́pọ̀dùn. Kí orúkọ náà tó lè rò ó, àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní láti jókòó pọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jókòó nínú ìwé Bíòbákú, kí wọ́n sì tẹ́tí sí ìlú méjèèjì. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀mọ̀wé tí ó bá gbọ́ tẹnu ẹ̀ka kan ṣoṣo kò yàtọ̀ sí i.