Àjàkálẹ̀-Àrùn Kòrónà àti Ìdààmú Ọkàn Àwọn Alárùn Glòkómà ní Èkó, Ọdún 2020

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìtàn àjàkálẹ̀-àrùn kòrónà kò ti jìnnà sí iyàrá dókítà ojú. Dókítà ojú ni Li Wenliang, ẹni tí ó ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lólobó ní ìlú Wuhan ní ìparí ọdún 2019. Wọ́n gbà pé ara aláìsàn glòkómà kan tí ó tọ́jú ni ó ti kó àrùn náà. Ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù kejì, ọdún 2020. Èyí kò yani lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ti jókòó sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò rí mọ̀ pé èémí dókítà àti ti aláìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé, láàárín àwọn tí ó ti pé ogójì ọdún sókè, glòkómà ni ó fa ohun tí ó lé ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ojú fífọ́. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó ti ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó bá sì ti lọ kì í padà. Nítorí náà, ọjọ́ tí dókítà dá àti wákàtí oògùn ni alárùn yìí fi ń gbé ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni òfin kónílé-ó-gbélé mú Èkó. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kò là títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Òfin náà kò ti ilé ìwòsàn pa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì dín iṣẹ́ kù sí ti pàjáwìrì. Ta wá ni aláìsàn pàjáwìrì? Ẹni tí ó ń kérora ni. Alárùn glòkómà kì í kérora, ó sì padà sílé.

Ìgò oògùn ìkánsójú kan kì í sábà ju nǹkan bí oṣù kan lọ. Ẹni tí ó ń jẹun láti inú ohun tí ó bá tà lójúmọ́, tí ọjà sì tì, ní láti yàn láàárín gàrí àti oògùn.

Ìmọ̀ràn tí rédíò ń ké lójoojúmọ́ ni pé kí oníkálukú má fi ọwọ́ kan ojú, imú àti ẹnu. Alárùn glòkómà kò lè pa èyí mọ́. Ó gbọ́dọ̀ fi ìka fa ìpéǹpéjú wálẹ̀ kí ó tó kán oògùn sí i. Bí kò bá kán an, ojú ń lọ. Bí ó bá kán an, ọkàn kò balẹ̀. Fún ẹni tí èjìká ọmọ rẹ̀ sì ti di ọ̀pá ìrìn, mítà 2 tí wọ́n ní kí ó wà láàárín ènìyàn méjì túmọ̀ sí pé kí ó má rìn rárá.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà ni pé ohun tí ó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, bí ó bá ti bọ́ lọ́wọ́ kòrónà, ẹ̀rù rẹ̀ tán. Alárùn glòkómà mọ̀ pé oṣù tí ó kọjá lè ti mú nǹkan lọ nínú ojú òun, kò sì ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n nílé. Kí kòrónà tó dé ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ láàárín irú wọn.

Ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954 ni T. A. Lambo ti ń mú kí alárùn ọpọlọ gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2020, ìsúnmọ́ra yìí gan-an ni òfin kọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ ọpọlọ nígbà náà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916, kò mọ̀ ju wèrè lọ. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n tó buwọ́ lu tuntun.

Iye àwọn tí kòrónà mú àti àwọn tí ó pa ni ìjọba ń kéde lójoojúmọ́. Ojú tí ó lọ láàárín oṣù wọ̀nyẹn kò ní ọjọ́ tí ó lọ. Ìwé tí ilé ìwòsàn ń kọ ọjọ́ ìpadàwá aláìsàn sí, pẹ̀lú àwọn àyè tí ó ṣófo nínú rẹ̀ láti oṣù kẹrin sí ìkeje, ni òpìtàn lè kọ́kọ́ ṣí.