Yorùbá Ta Ló Pójú Owó?

Ìkòríta ni Jójú tí mò ń gbé. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ń gba iwájú àdúgbò wa kọjá, àwọn iléeṣẹ́ tó wà káàkiri Sàǹgó àti Ọ̀tà sì ti kó ènìyàn jọ láti ibi gbogbo wá síbẹ̀. Nínú ilé kan ṣoṣo, ẹ lè bá Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ìgbómìnà, Ègùn àti Ìgbò. Àwọn Àwórì ni onílẹ̀. Ibi tí oríṣiríṣi Yorùbá bá ti pàdé báyìí, àríyànjiyàn kì í jìnnà síbẹ̀: Yorùbá ta ló tọ̀nà?

Àwọn kan á ní ti Ọ̀yọ́ ni ojúlówó. Ará Ìbàdàn á fi bí ará Ìjẹ̀bú ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọn á sì fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè pe "ṣ", "s" ló ń pè é. Bí ará Èkìtì bá ní òun ń lọ "ulé", ẹ̀rín á sọ. Ọmọ kíláàsì mi kan wà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Èkìtì. Ní ọjọ́ kan ó pe "iṣu" ní "uṣu" nígbà tí ó ń ka ìwé sókè, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kì í nawọ́ mọ́ nínú iṣẹ́ Yorùbá. Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n èdè bàbá rẹ̀ ló ń tì í lójú. Mo gbà pé ìtàn lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ bí Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò ní í fi ẹnu ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, kì í ṣe gbogbo wa là ń pe ara wa ní Yorùbá. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni orúkọ náà tọ́ sí. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Àwórì ń jẹ́ Àwórì. Nígbà tí ogun àti òwò ẹrú fọ́n wa káàkiri, orúkọ tí àwọn àlejò fún wa ní ibi kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ní Sierra Leone wọ́n pè wá ní Akú, nítorí pé "ẹ kú" ni ìkíni wa máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Dahomey, tó di Benin lónìí, wọ́n pè wá ní Nàgó. Ní Kúbà, orúkọ wa ni Lucumí.

Ní Sierra Leone ni èdè wa ti kọ́kọ́ di èdè ìwé. Òṣogùn ni wọ́n bí Samuel Àjàyí Crowther sí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Níbẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú àti ibòmíràn ń gbé pọ̀ ní àdúgbò kan náà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbé ní Jójú lónìí. Wọ́n ní láti gbọ́ ara wọn yé. Ní ọdún 1843, Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1844, wọ́n fi Yorùbá ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Freetown. Lẹ́yìn èyí ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Bíbélì díẹ̀díẹ̀, odindi rẹ̀ sì parí ní ọdún 1884.

Ní ìlú Freetown yìí kan náà, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ S. W. Koelle ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó ń jókòó ti àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ó ń béèrè orúkọ nǹkan lọ́wọ́ wọn, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní ọdún 1854. Ọ̀rọ̀ láti inú èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó dé orí tiwa, kò kọ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó to ẹnu kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó àti àwọn mìíràn, ó sì fi Yorùbá, ìyẹn ti Ọ̀yọ́, sí àárín wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ẹgbẹ́. Ó tilẹ̀ ta ko bí àwọn míṣọ́nnárì ṣe fẹ́ fi orúkọ ẹyọ kan pe gbogbo wọn. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará Ọ̀tà: ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn baba ńlá ìlú yìí ti wà nínú ìwé láti ọdún 1854, ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde.

Ṣùgbọ́n ìwé tí gbogbo ènìyàn yóò kà kò lè wà ní ẹnu méjìlá. Wọ́n ní láti mú nǹkan kan. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni Crowther fi ṣe ìpìlẹ̀, nítorí pé òun ló gbọ́ láti kékeré, àwọn Ọ̀yọ́ sì pọ̀. Bẹ́ẹ̀, Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ míṣọ́nnárì ti fìdí múlẹ̀ láti ọdún 1846, ibẹ̀ sì ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859. Bí èdè Ẹ̀gbá ṣe wọ inú rẹ̀ nìyẹn, tí ti Èkó náà sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà kọ ọ́ sílẹ̀. Èso gbogbo làálàá yìí ni ohun tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Kò sí ìlú kan tí wọ́n ti ń fi í tọ́ ọmọ tuntun bó ṣe wà nínú ìwé gan-an. Àmúlùmálà ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ sì wà.

Ẹ tún wo àwọn tó gbé e ga. Òkè-Igbó ni D. O. Fágúnwà ti wá. Ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni J. F. Ọdúnjọ tó kọ Aláwìíyé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ayọ̀ Bámgbóṣé tí ó kọ ìwé gírámà Yorùbá ní ọdún 1966. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni J. F. Adé Àjàyí, onímọ̀ ìtàn tó kọ ìtàn bí Yorùbá ṣe di èdè kíkọ sílẹ̀ ní ọdún 1960. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rín lé irú àwọn wọ̀nyí kúrò nínú kíláàsì, ìwé wo là bá máa kà lónìí?

Ohun tí a ń pè ní "ó tọ̀nà" pàápàá máa ń yí padà. Àwọn bàbá wa kọ "aiye" àti "enia". Láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974, "ayé" àti "ènìyàn" là ń kọ. Ẹ kàn wo pátákó tó wà lójú títì wa: òmíràn kọ "Otta", òmíràn kọ "Ota", àwa sì ń kọ "Ọ̀tà" nínú ìwé iṣẹ́ wa. Ìlú kan náà ni. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn Nàgó ń kọ "sh" níbi tí àwa ti ń kọ "ṣ". Wọn kò ṣìnà. Àdéhùn tiwọn ni.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọdún 1492, Antonio de Nebrija kọ gírámà èdè Castile, èyí tó di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí èdè Spéènì. Ní ọdún 1713, wọ́n dá ilé ìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Madrid láti máa ṣọ́ èdè náà. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ gbà pé Spéènì nìkan ló ni èdè tó mọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti pọ̀ ju ti Spéènì lọ fíìfíì. Bí ará Madrid bá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, "vosotros" ni yóò pè wọ́n. Ará Mẹ́síkò á ní "ustedes". Ẹni tó ń kọ́ èdè náà á máa béèrè èwo ni kí òun mú. Ní ọdún 1951, àwọn ilé ìmọ̀ èdè láti orílẹ̀-èdè wọ̀nyí pàdé ní Mẹ́síkò, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Gírámà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, gbogbo wọn ló jọ ṣe é, oríṣiríṣi ẹnu sì wà nínú rẹ̀.

Èdè Spéènì yìí náà ló pàdé èdè wa ní Kúbà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò gbàgbé. Títí di òní, wọ́n ń pe Ṣàngó ní Changó, Ọ̀ṣun ní Ochún, òrìṣà ní oricha. Bí àgbàlagbà kan láti Havana bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Jójú, ṣé a óò rẹ́rìn-ín rẹ̀ ni, tàbí a óò yà á sí ìyanu pé kò sọ ọ́ nù?

Ẹ̀rín kejì tún wà: èyí tí wọ́n ń fi ẹni tó bá sọ Yorùbá rárá ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ kò ṣọ̀wọ́n tí ọmọ ti ń san owó ìtanràn nítorí pé ó fi èdè abínibí sọ̀rọ̀, bí ẹni pé èdè kan ń lé èkejì jáde lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dáhùn èyí. Láti ọdún 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé kí oníkálukú máa wá kọ ẹnu ìlú rẹ̀ nínú ìdánwò WAEC ni? Rárá o. Àjùmọ̀lò dà bí òpópónà márosẹ̀ tó gba iwájú wa kọjá. Òun ló mú kí ará Èkìtì, ará Ìlàjẹ àti ará Kétu lè ka ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbé lórí márosẹ̀. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀nà kékeré ló ń gbé wa dé ilé. Aṣiwèrè ló máa ní kí wọ́n dí ọ̀nà ilé nítorí pé márosẹ̀ ti wà.

Ọ̀nà kékeré wọ̀nyí sì ń dí. Àwọn ọmọ Àwórì tí a jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lè ka àjùmọ̀lò dáadáa, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò lè bá ìyá wọn àgbà tàkúrọ̀sọ tó gùn ní ẹ̀ka-èdè Àwórì. Nígbà Koelle, àjèjì ló wá jókòó ti àwọn àgbà wa láti béèrè ọ̀rọ̀. Lónìí, fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Àbá mi fún ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ ìsinmi kan: kí ó gba ogún ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè ìlú wọn, kí ó kọ àjùmọ̀lò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì wá kà á fún kíláàsì. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi èdè ìlú yín pamọ́ fún ọmọ nítorí ìtìjú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan bá pe "uṣu" nínú kíláàsì, ẹ bi í pé kí ni wọ́n tún ń pe ilé, omi àti iná ní ìlú wọn. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.